Ejò Kò Sí Nínú CV Mi

Màámi dójú tì mí ní gbangba lónìí, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkọ̀lé, pásítọ̀ ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà dìde.
Màámi fò dìde: "Bùnmi ọmọ mi ń wá uṣẹ́. Ó kàwé nípa ọ̀gbìn. Ó mọ kòkó sá. Kò sì bẹ̀rù ejò!"

Ẹ̀rín sọ. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Bá a ṣe jáde, bàbá kan tó ní oko ní Ìpáò pè mí:
"Gbogbo àwọn tó kàwé tí mo gbà sóko, ejò ló lé wọn lọ. Ṣé òótọ́ ni ìyá rẹ sọ?"
"Òótọ́ ni, sà!"
"Ó yá, wá bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Yéèè! Ọdún méjì ni mo fi ń wáṣẹ́ lórí fóònù!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìyá yín mọ̀ nípa yín tí ẹ ò kọ sínú CV?