Irin Kékeré Ẹnu Ìbọn

Ẹyọ irin kan wà lórí ẹnu ìbọn ọkọ mi, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Òun ni ọkọ mi máa ń fojú wò kó tó yìn ín. Ní ọdún tí òjò ò rọ̀ dáadáa, tí àgbàdo wa gbẹ, irin yìí ń mì, ó ń yí kiri bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ìmàdò ń wọ oko ẹ̀gẹ́ wa ní Alajue ní ìrọ̀lẹ́. Oko ẹ̀gẹ́ yẹn nìkan ló kù tí a ó jẹ.

A wé ìbọn náà sínú ẹní, a gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Sekona. Kò tiẹ̀ jẹ́ ká tú u tán.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ọlọ́pàá bá yọjú, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ mú.”

Alágbẹ̀dẹ tó ń bá wa tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ti kú. La bá padà sóko.

Ọkọ mi yọ́ òjé nínú agolo, ó fẹ́ fi lẹ irin náà. Èmi fi àkísà di ọ̀pá ìbọn mú. Ó da òjé sí i. Òjé náà ṣù, ó yí bọ́ sílẹ̀. Ó tún un dà. Ó tún bọ́. Kristẹni kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà dúró tì wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Alájì, ẹ ṣáà pa ìmàdò kan. Ẹ ò kúkú ní fẹnu kàn án, èmi á bá yín jẹ ẹ́.”

“Ọ̀fun ni ìwọ ń rò, èmi ń ro ẹ̀gẹ́.”

Mo wo ojú ibi tí òjé ti ń bọ́. Ó ń hó, ó ń yọ èéfín. Gbogbo Jímọ̀ ni ọkọ mi máa ń fi òrí pa ìbọn náà kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe.

“Òrí ni,” mo ní. “Ó ti wọ abẹ́ irin yẹn. Òjé ò lè mú un.”

“Òrí tí bàbá mi ń fi pa á?”

“Ẹ jẹ́ ká nù ún kúrò.”

A fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ha ojú ibẹ̀ títí ó fi dán. Òjé wá mú un. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń wọ̀, ọkọ mi sì ń kánjú. Irin náà lẹ̀, ó tẹ̀ sí ọ̀tún.

“Kò tọ́,” mo ní.

“Mo rí i. Kò sáyè àtiyọ́ ọ mọ́, àwọn ìmàdò ti ń bọ̀.”

Ó mọ̀ pé ọta á gba òsì lọ. Ó ní òun á gbé ẹnu ìbọn sí ọ̀tún díẹ̀. Ìyẹn ì bá ṣeé ṣe bí ẹran bá dúró lójú kan. Wọn ò dúró. Ó yìn ín, ọta gbẹ́ ilẹ̀ lápá òsì ìmàdò tó ṣíwájú. Wọ́n sá wọ igbó, wọn ò lọ jìnnà. Ẹ̀tù tó ṣẹ́kù fún wa náà nìyẹn.

Ọkọ mi fi ìbọn ti igi, ó bọ́ sórí ebè, ó fa igi ẹ̀gẹ́ kan tu. Ẹ̀gẹ́ ìdí rẹ̀ kò tíì ta; kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ.

“Ẹ jẹ́ kó dàgbà,” mo ní.

“Fún ta ni? Fún ìmàdò?”

Mo ká aṣọ mi sókè, mo bọ́ sórí ebè kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà. À ń gbọ́ wọn nínú igbó bí a ṣe ń fà á.