Oṣù Tí Erin Wà Nílé

Ẹni tó bá ń gbé ní Tyrrelstown ní Dublin níbí tí kò mọ̀ mí, àfi kó jẹ́ àlejò tó dé láàárọ̀ yìí. Èmi ni mò ń wa fọ́klíìfìtì, mọ́tò tó ń fi irin gbé ẹrù, ní ilé ẹrù ńlá kan ní Damastown láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, páálí kan ṣoṣo kò sì tíì jábọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn tó kàwé dé yunifásítì ń wa tiwọn lu ògiri. Èmi tí n kò ka ìwé mẹ́fà tán, mo lè fi ẹnu irin yẹn gbé ẹyin láìfọ́ ọ. Ọ̀gá mi, ọmọ Ireland ni, kì í yin ènìyàn. "You're grand" ni gbogbo ìyìn tó mọ̀, ó sì ti sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kí n tó sọ ibi tí mo ti ṣìṣe fún yín. N kì í sábà ṣìṣe.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ní Òkè-Ògùn ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì pa ẹtu, ó pa ìgalà, ó pa ìmàdò, ó pa ẹfọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kò rí erin rí. Nígbà tí òun fi máa gbé ìbọn, àwọn erin ti kó kúrò nínú igbó wa. Bẹ́ẹ̀ ó mọ oríkì erin láti imú dé ìrù. Níbi ìpàdé ọdẹ kan, nígbà tí mo ṣì kéré, ó ki erin títí àwọn ènìyàn fi ń pariwo, ni àgbà ọdẹ kan bá bi í pé, "Ibo lo ti rí i?" Bàbá mi jókòó. N kò gbọ́ kó ki erin mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti ṣókùnkùn. Nígbà kan mo sọ fún un lórí fóònù pé mo rí erin ní ọgbà ẹranko tó wà ní Phoenix Park níbí, mo tún ka iye tí wọ́n jẹ́.

"Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Àwọn òyìnbó ni, Bàbá."

"Ó ti di ewúrẹ́ nìyẹn. Ìgbà tí o bá rí èyí tó ń wá oúnjẹ ara rẹ̀, wá síwájú mi kí o rò ó fún mi. Kì í ṣe nínú fóònù o. Bí ìwọ bá rí i, èmi ni mo rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní láti rí erin inú igbó, mo sì ní láti gbé e délé kí bàbá mi tó lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù September, ọmọ mi obìnrin wá láti Ongar tó ń gbé, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì ìdáná wa. Ó ní òun ti rí ibi tí erin pọ̀ sí jù: odò Okavango ní Botswana. Odò náà kì í dé inú òkun. Ó kàn ṣàn wọ inú yanrìn, ó tẹ́ bí ọwọ́ tí ènìyàn na ìka rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Inú ọmọ mi dùn, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin ló fi ń dá wa lóhùn.

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìyàwó mi lè rí gbà níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. A fi òru mẹ́ta fún erin, a fi ìyókù fún bàbá mi. Ibùdó àlejò mẹ́ta ni ọmọ wa fi hàn wá. Ọ̀kan jẹ́ ti orí ilẹ̀ nìkan, mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn kiri. Ọ̀kan jẹ́ ti orí omi, ọkọ̀ tóóró tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì. Ọ̀kan wà létí omi, ó ní méjèèjì.

"Kí ló ń gbé inú omi yẹn?" ìyàwó mi bèèrè.

"Erinmi," ni mo wí. "Àti ọ̀nì."

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan. Wọ́n á wá fi ọ̀pá tì mí lọ bá wọn. Níbo la máa sùn sí?"

"Nínú àgọ́, Mọ́mì," ni ọmọ wa wí.

"Àgọ́ aṣọ? Èmi tí mo bá àwọn àjèjì sun yàrá kan ní hósítẹ̀lì nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí? Mo rò pé a ti parí ìyẹn."

Ọmọ wa fi àwòrán inú àgọ́ náà hàn án. Bẹ́ẹ̀dì ńlá wà níbẹ̀, omi gbígbóná wà, ìgbọ̀nsẹ̀ òyìnbó wà pẹ̀lú. Ìyàwó mi sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó wò ó dáadáa. "Ó ga ju ilé wa lọ," ló wí. Bí a ṣe mú èyí tó wà létí omi nìyẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wá ku oṣù tí a máa lọ. Ọmọ wa ní July.

"July kẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. "Inú òjò? Jẹ́ kí n kọ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣọdẹ. Ní January wọ́n ti jó igbó, koríko ti lọlẹ̀, gbogbo odò kéékèèké ti gbẹ. Omi kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni gbogbo ẹran ń bọ̀. Ọmọ kékeré Òkè-Ògùn mọ ìyẹn."

"Dádì, wọ́n kọ ọ́ síbí pé..."

"Ta ló kọ ọ́? Ṣé ọmọ ọdẹ ni?"

"N kò mọ̀."

"Ṣé o rí i báyìí."

Ìyàwó mi ló wá sọ èyí tó parí ọ̀rọ̀ náà. "January náà ni kí a lọ. Oṣù mẹ́rin ló kù kó pé. July jìnnà, Bàbá kì í sì í ṣe ọmọdé."

Ọmọ wa pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ní ọjọ́ Ajé mo tọrọ ìsinmi January níbi iṣẹ́, mo sì ṣàlàyé ọgbọ́n ọdẹ fún gbogbo àwọn tó ń mu tíì pẹ̀lú mi. Ọmọ Poland kan tilẹ̀ kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo pe ilé. Àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú bàbá wa gbé fóònù sí etí rẹ̀. Mo kí i, mo wá ní, "Bàbá, mò ń lọ wo erin."

Ó ní, "Igbó ta ni?"

"Ti àwọn ará Botswana."

"Ta lo kí nínú àwọn ọdẹ wọn?"

N kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Ọdẹ tó bá fẹ́ wọ igbó onígbó, ilé olórí ọdẹ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ pẹ̀lú obì. Á bèèrè ibi tí ẹran ń sùn sí, ibi tí wọ́n dẹ pàkúté sí, ìgbà tí odò wọn ń kún. Igbó kò ní oṣù kan náà." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ṣé o mọ àpá ojúgun mi?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹkùn ló ya á. Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹkùn yẹn yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ti fi yangàn ní Damastown pàápàá.

"Kì í ṣe ẹkùn," ni bàbá mi wí. "Ẹtu ni mò ń lé wọ igbó àwọn ẹlòmíràn. N kò kí wọn, torí mo rò pé mo gbọ́n. Mo kó sí pàkúté wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó wá tú mi sílẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó tú mi. Má sọ fún àbúrò rẹ."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni àbúrò mi wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

Mo pe ọmọ mi lójú ẹsẹ̀, mo ní kó bá mi wá ọdẹ ibẹ̀. Ó kọ̀wé sí ibùdó náà, wọ́n sì fún wa ní ọkùnrin kan tó ti ń mú àlejò káàkiri omi yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ yọ nínú kọ̀ǹpútà. Mo bọ́ fìlà. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, mo sọ fún un pé ọmọ ọdẹ ni mí láti ìlú jíjìn, àti pé tí kì í bá ṣe ojú ọ̀nà tó jìn, obì ni ǹ bá gbé wá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun gba obì náà. Ó wá ní kí n bèèrè ohun tó wù mí.

Ó ní January ni òjò wọn. Koríko á ga ju orí ènìyàn lọ, omi á wà nínú gbogbo kòtò, erin kò sì ní nǹkan ṣe lẹ́bàá odò. Wọ́n á tú ká. Omi ńlá tó ń kún ilẹ̀ wọn kì í ṣe òjò tiwọn, òjò orí òkè Angola ni. Á rìn wá fún oṣù bíi mélòó kan, jẹ́jẹ́. Ìgbà tó bá dé ní June tàbí July, ilẹ̀ wọn ti gbẹ, ẹ̀kán òjò kan kò sì sí lójú ọ̀run. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹran ń sáré wá mu ún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yí sí ọmọ mi. "Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wí. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ló bọ́ sí July."

Ọmọ mi fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó mi ní, "Ẹ fi Dádì sílẹ̀ o. Tí wọ́n bá já sínú kànga, wọ́n á ní omi ni àwọn fẹ́ pọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn ọkàn mi kò sí níbi iṣẹ́. Bí mo bá lọ ní January, ó ṣeé ṣe kí n bá bàbá mi láàyè láìrí erin. Bí mo bá lọ ní July, ó ṣeé ṣe kí n rí erin láìbá bàbá mi. N kò mọ èyí tí mo lè mú. Mo pè é, mo rò ó fún un bó ṣe rí.

Kò ronú rárá. "July ni. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o rí erin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n má kú. Kí kálukú gbájú mọ́ tirẹ̀."

Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní April, àbúrò mi pè pé ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ti ń wá ọkọ̀ òfúrufú lọ sílé nígbà tí Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́," ló wí.

Ní July, a dé Okavango. Òtútù àárọ̀ ibẹ̀ dà bíi ti Dublin, ìyàwó mi wọ kóòtù méjì. Ní ọjọ́ kejì, ó gun ọkọ̀ tóóró náà fúnra rẹ̀, ó ní òun kò lè rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ kí òun wá jókòó sínú àgọ́. Ọdẹ wa ló ń fi ọ̀pá tì wá láàárín esùsú. Ó dáwọ́ dúró lójijì, ó fi ìka kan ètè. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo gbójú sókè, erin mọ́kànlá ti dúró sínú omi, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wà láti àná.

Ẹnu mi kì í kú. Lọ́jọ́ yẹn ó kú. Ìyàwó mi di apá aṣọ mi mú, ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Bàbá máa bi yín." Mo wo ẹsẹ̀. Mo wo ìpéǹpéjú, ó gùn bíi ti ìyàwó tuntun. Mo wo etí tó ya ní ẹ̀gbẹ́. Mo gbọ́ òórùn wọn, koríko àti ẹrẹ̀. Mo wo ọmọ wọn kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi imú fa omi, ó kúnlẹ̀ ó fi ẹnu mu ún.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá mi. Kò jẹ́ kí n jẹun.

"Báwo ló ṣe ń rìn?"

"Kì í dún, Bàbá."

"Irọ́. Ẹran tó tó ilé?"

"Mo fi orí yín búra. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù."

Ó bi mí nípa etí, nípa ìrù, nípa imí. Ó ní báwo ló ṣe ga tó. Mo mú ọ̀pá rẹ̀, mo fà á dìde, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá náà sókè títí ó fi kan páànù etí òrùlé, mo ní ó tún kọjá ibẹ̀. Ó fi ọ̀pá náà kan páànù yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ló jí mi. Ó ti jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú àwọn àgbààgbà mẹ́ta, mo sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ kò lè gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtàn ni ẹ̀ ń gbọ́, ojú tèmi ló ṣe. A wà nínú ọkọ̀, omi mọ́ níní. Ogójì ni wọ́n, wọ́n yí wa ká. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Ọmọ mi fẹ́ sá, mo dì í mú."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ? Ìwọ tí o kò rí ojú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́?"

Bàbá mi pè mí. Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Ìwọ tí o tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀," ló wí, "ṣé irọ́ ni mò ń pa?"

"Rárá o, Bàbá. Àádọ́ta ni wọ́n tilẹ̀ tó. Àwọn mẹ́wàá ni ẹ kò kà, torí ẹ̀ ń dì mí mú."

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí wọn, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki erin.