Fíìmù Tó Dúró De Ojú Màmá Àgbà

Inú òkùnkùn ilé ìwẹ̀ àlejò la wà, èmi àti màmá àgbà, nígbà tí mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ṣàdédé dákẹ́. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì figbe bọnu pé iná ti dé. Fíríìjì wa gbọn ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Ọ̀sán ni, àmọ́ a ti fi ọ̀rá dúdú bo fèrèsé, a sì ti ki tówẹ̀lì sábẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí pé fíìmù kámẹ́rà kan wà lọ́wọ́ màmá àgbà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú u jáde nínú agolo rẹ̀ ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bíńtín bá kàn án, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bọ́tìnnì iná ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Ní Àbújá, bí iná bá ti lọ, ta ló ń rántí bóyá òun pa á tàbí òun ò pa á?

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débẹ̀. Màmá àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ayafọ́tò ni ní Kábà, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa wọ aṣọ ọdún wá síbẹ̀ láti wá dúró níwájú kọ́tìnnì aláwọ̀ aró rẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà wọ inú fóònù, oníbàárà dáwọ́ dúró, ó ta àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó wá bá wa gbé ní Gwarinpa, ní Àbújá. Ojú ló gbé e wá. Awọ funfun ti ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ohùn ló sì fi ń dá wa mọ̀. Àmọ́ kò jẹ́ gbà. Bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, á ní òun ń jó ni. Ó kí igi máńgò ẹnu ọ̀nà wa ní "Òkun o" lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní Kábà, ó rò pé àlejò ni. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ pé a kì í kí igi.

Ọjọ́ Sátidé kan, bàbá mi mú wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà tòkunbọ̀, ó fẹ́ ra áyọ́ọ̀nù. Láàárín àwọn áyọ́ọ̀nù àti bùlẹ́ńdà tí wọ́n kó jọ sórí tapólì, ọwọ́ màmá àgbà bà lé kámẹ́rà àtijọ́ kan. Ọwọ́ ni mo wí, nítorí ọwọ́ ló rí i, kì í ṣe ojú.

"Sànnu, Mama," ni mọ́láàmù tó ń tajà wí. "That one no dey work o. Na for parlour people dey buy am."

Màmá àgbà fa ọwọ́ kámẹ́rà náà, ó gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ rédíò, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun kan dún tẹ́ nínú rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún gbọ́.

"Yauwa," ó ní. Ẹyọ ọ̀rọ̀ Hausa kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn, ó dà bí ká ní "ó dára". Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ó ṣì wà láyé. Rà á fún mi."

Bàbá mi rà á, a sì gbàgbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló bá wa wá fíìmù àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun àtijọ́ ni eruku ti ń bò wọ́n. Láti ìgbà náà ni ilé wa ti ń rùn bí ọtí kíkan. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, màmá àgbà á pè mí, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn bo àwa méjèèjì, á sì fún mi ní fíìmù tó ti bàjẹ́ kí n máa wé e mọ́ kẹ̀kẹ́ oníke kékeré kan. Inú ibẹ̀ gbóná, ó ń rùn bí àdín àgbọn àti ìpara tó fi ń pa orúnkún. Ẹ̀rù òkùnkùn máa ń bà mí gan-an nígbà náà. Bí iná bá ti lọ, ẹsẹ̀ màmá mi ni mo máa ń dì mú.

"Kí lo ń bẹ̀rù?" ni màmá àgbà wí. "Ojú nìkan ni òkùnkùn lè dí. Kò lè dí ọwọ́. Wá etí fíìmù náà."

Mo fọwọ́ wá a, mo sì rí i.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Gwagwalada ní iṣẹ́ abẹ lè gba ojú náà là. Ẹ̀rù ba màmá àgbà, bí kò tilẹ̀ sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ṣe irú rẹ̀ rí láyé àtijọ́, kò sì ríran mọ́ títí tó fi kú. Ó gbà láti lọ, àmọ́ ó ní òun á kọ́kọ́ ya fọ́tò wa. Ó tò wá sábẹ́ igi máńgò, bàbá mi, màmá mi àti èmi. Nítorí pé ojú rẹ̀ ò lè fi kámẹ́rà díwọ̀n bí a ṣe jìnnà tó, ẹsẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Ó rìn kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ń kà á sínú, ó dúró, ó wá pè mí kí n wá ka nọ́ńbà ara kámẹ́rà fún òun, kó lè yí i sí iye ẹsẹ̀ tó kà. Mo kà á tán, mo sáré padà sí ààyè mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, má dijú o."

"Mi ò dijú, mà."

Tẹ́.

Nígbà tí fíìmù náà parí, bàbá mi ní òun á gbé e fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Màmá àgbà kọ̀. Ó wé e sínú ọ̀rá, ó fi í sí ilẹ̀kùn fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo yà á, ojú tèmi ni yóò kọ́kọ́ rí i."

"Màmá, tó bá wá jẹ́ pé..." ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀.

"Á dúró dè mí," ó ní, ó sì ti fíríìjì.

Wọ́n lọ, wọ́n ṣe é, wọ́n dé. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó ní òun ń ríran. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tó ti ń sọ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà nìyẹn, ta ni yóò wá gbà á gbọ́? Màmá mi á gbé ife omi síbi tó jìnnà díẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀, á sì máa yọjú wò ó. Bàbá mi bi í léèrè àwọ̀ táì ọrùn òun, màmá àgbà ní ṣé ó ti gbàgbé èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ so ni. Àdúrà alẹ́ wa ń gùn sí i. Èmi a máa ṣí fíríìjì wo ọ̀rá yẹn, ẹkún a sì máa gbọ̀n mí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó ní kí n gbé fíìmù náà wá, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e. Gbogbo wa mọ̀ pé bó bá fọ̀ ọ́ tán, kò ní sí ibi tí yóò sá sí mọ́, àwa náà ò sì ní níbi sá sí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé ìwẹ̀, tí iná sì dé bá wa. Mo ké. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, àfi bíi pé ojú mi ni fíìmù náà. Mo ń dúró kí ìmọ́lẹ̀ tàn sí wa lórí. Kò tàn. Òkùnkùn wà bó ṣe wà, mo sì ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ oníke tó ń yí lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, láìkánjú.

Ó parí wíwé, ó fi sínú agolo tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, ó dé e. "Nawọ́ wá," ó ní. Ó fi ohun kan sí mi látẹ́lẹwọ́, ó rí rìbìtì, ó fúyẹ́, ó tutù. Gílóòbù ni. Ó ti tú u kúrò lára ògiri kí n tó wọlé.

"Iná ìjọba ti dójú tì mí rí ní Kábà," ó ní. "Fọ́tò ìyàwó tuntun ló bá a lọ. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí..."

"Bó bá rí ekòló, á sá." Èmi ni mo parí rẹ̀. Ara tù mí débi pé mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù yẹn, gílóòbù lọ́wọ́.

Bí agolo bá ti wà ní dídé, ìmọ́lẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́. A ṣílẹ̀kùn. Ó da oògùn àkọ́kọ́ sí i, ó ń mì í jẹ́jẹ́, ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan. Bí orin náà bá parí, àsìkò pé. Ó da èkejì sí i. Ó ní kí n di agolo mú, ó fi omi ẹ̀rọ ṣan án títí ọwọ́ mi fi di yìnyín. Ó wá gbé e lọ sí ilé ìdáná, níbi tí màmá mi ti ń dín dòdò, ó nà án síwájú fèrèsé.

Àwòrán kọ̀ọ̀kan ò fẹ̀ ju sítáǹbù lẹ́tà lọ, gbogbo ohun tó funfun ló sì di dúdú nínú rẹ̀. Màmá àgbà ń wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òróró ń ta, màmá mi ò yí dòdò rẹ̀.

"Kọ́là ẹ̀wù rẹ wọ́ sápá kan," màmá àgbà sọ fún bàbá mi. Ó ṣún fíìmù náà díẹ̀. Ó wá bojú wò mí, wò mí gan-an, kì í ṣe ibi tí ohùn mi wà. "Ìwọ lo sì dijú."

Bàbá mi gba fíìmù náà, ó gbé e sójú. Òótọ́ ni. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó fi ọwọ́ bo ojú. Màmá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú ṣíbí ìdíndòdò lọ́wọ́. Dòdò yẹn jóná, a sì jẹ ẹ́ tán.

Màmá àgbà lo ojú náà dáadáa kó tó fi wá sílẹ̀. Ó ka Bíbélì rẹ̀, ó rí ìdọ̀tí tí mo bá gbá sábẹ́ àga, kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Jahi, ní Àbújá kan náà, ni mò ń gbé báyìí. Èmi náà ti ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan, gbígbé ni mo gbé e sétí kí n tó sanwó, mo sì ń fọ fíìmù mi fúnra mi nínú ilé ìwẹ̀. Kí n tó tilẹ̀kùn, mo máa ń tú gílóòbù, mo sì máa ń gbé e lé itan. Ìgbà mìíràn iná á dé, àdúgbò á hó, èmi á jókòó sínú òkùnkùn tèmi, ọwọ́ mi á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ò bà mí mọ́.

Fọ́tò abẹ́ igi máńgò yẹn wà lára ògiri pálọ̀ mi. Àwọn àlejò máa ń bi mí pé nínú gbogbo fọ́tò mi, kí ló dé tó jẹ́ èyí tí mo dijú ni mo gbé kọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ojú tí mo dì yẹn la fi mọ̀ pé ti màmá àgbà ti là.