Bísíríyù Dìde-Kíá

Lọ́dún 1958, ní ilé ìlagi kan ní Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó ń pe Bísíríyù lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. "Dìde-Kíá" ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ni akọ̀wé tó ń gba òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá wọlé, tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò ní tíì kanlẹ̀ tí Bísíríyù á ti ní, "Dìde, dìde, jókòó." Àwọn kan ń bú u pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìkíni. Ẹ dá wọn lóhùn fún mi pé wọn ò mọ ohun tójú ọkùnrin náà ti rí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Lọ́dún 1953, ó ti ka ìwé mẹ́fà yọrí, ọdún kan gbáko ló sì ti ń bá ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, yan ẹja. Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin ti ní tí kò bá ríṣẹ́ kí ọdún tó parí, kó máa bọ̀ ní Ejìnrìn wá bá òun pẹja. Iṣẹ́ ẹja kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, àmọ́ ìwé kíkọ ló wà lọ́kàn Bísíríyù, ìyá rẹ̀ sì mọ̀. Ni lẹ́tà bá dé láti ilé ìtajà ńlá kan ní Ìkòròdú pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló lọ ẹ̀wù funfun tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀, ó sì sìn ín dé etí ọ̀sà ní ìdájí. "Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde," ó wí. "Tí o bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn, dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Má dìde àfi tí wọ́n bá ní kí o dìde."

Ta ló lè gbàgbé ọkọ̀ ojú omi ayé ìgbà yẹn? Bó bá ti fun fèrè, gbogbo ọmọdé á sá wá sétí omi wá juwọ́. Ó yà ní Ejìnrìn, ó kó àwọn ọlọ́jà pẹ̀lú ẹrù wọn, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń fẹ́ wọn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bísíríyù di ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mú, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Nígbà tó dé ilé ìtajà náà, títí oòrùn fi kàn-tàrí ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó pè é. Sàlàkọ́ ni máníjà ibẹ̀ ń jẹ́. Bísíríyù wọlé, ó na gbọọrọ sílẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

Ẹ̀pà ni máníjà ń jẹ lọ. Láti ilẹ̀ tí Bísíríyù wà, abẹ́ tábìlì nìkan ló ń rí: bàsíà omi gbígbóná kan, àti ẹsẹ̀ máníjà méjèèjì nínú rẹ̀.

"Ibo lo ti wá?"

"Ẹ̀pẹ́, sà."

"Ẹn-hẹ́n. Abájọ tí mò ń gbóòórùn ẹja." Ó rẹ́rìn-ín, ó mi ẹsẹ̀, omi sì ta sára ìwé ẹ̀rí. "Méje lọ́nà mẹ́jọ?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà."

Ẹ gbọ́ o, ilẹ̀ ló ti ń dáhùn gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ kan tiẹ̀ wọlé wá mú fáìlì, ó gbé ẹsẹ̀ dá a kọjá. Ìwà wo nìyẹn? Síbẹ̀ Bísíríyù rò pé àgbàlagbà ló gbàgbé, ó ń retí "dìde".

"O mọ̀wé," ni máníjà wí nígbà tó yá. "Iṣẹ́ yìí ti fẹ́ẹ̀ di tìẹ. Tówẹ̀lì wà lórí àga yẹn. Má dìde o. Rákò lọ mú un, kí o wá nu ẹsẹ̀ mi."

"Dìde" tó ti ń retí dé, àmọ́ "má" ló ṣáájú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e pé ọkùnrin yìí kò gbàgbé nǹkan kan. Ó wo tówẹ̀lì. Ó rántí Ejìnrìn, ó rántí ojú ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà. Ló bá dìde láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí, "mo ti kí yín tán." Ó jáde.

Ó délé kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gáríbì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú ààrò ẹja. Ìyá kò tiẹ̀ rántí ní kó dìde, ó ní, "Ṣé wọ́n gbà ọ́?" Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni Bísíríyù ti rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Màámi, mo dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n dìde. Ẹ má bínú."

Ẹja ń jóná lórí ààrò, Àwẹ̀ró kò wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ọmọ rẹ̀, ó ń fà á sókè. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kí o dọ̀bálẹ̀."

Ọdún mẹ́ta ló fi pẹja ní Ejìnrìn kí ilé ìlagi tó gbà á. Gbogbo ìgbà tó bá wálé, orúnkún rẹ̀ kò ní tíì kanlẹ̀ tí ìyá rẹ̀ á ti ní, "Dìde, dìde, jókòó."