Ìbò Kan Ṣoṣo ní Òde-Omi

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni èmi àti Ọmọ́wùmí ìyàwó mi jáde nílé wa ní Atíkòrí, Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun ló jí mi. Láti ẹnu ọ̀nà ni ara ti ń fu mí, nítorí obìnrin yìí kì í jí torí ìbò. Nígbà tí a dìbò gómìnà, ó sùn títí wọ́n fi kà á tán. Nígbà tí a dìbò ààrẹ, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ṣùgbọ́n fún ìbò tí kò ju ti àga kan ṣoṣo nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ, ó ti di irun láti Ọjọ́rú, ó ti lọ aṣọ mẹ́ta, ó sì ti wá káàdì ìdìbò rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí kan tí n kò rí i kó ṣí rí.

Báí-ẹlẹ́kíṣọ̀n ni wọ́n ń pe irú ìbò bẹ́ẹ̀, ìbò àfidípò. Ẹni tó jókòó sórí àga náà tẹ́lẹ̀ rí àga mìíràn tí tìmùtìmù rẹ̀ nípọn jù ú lọ, ó gbéra, àwọn ará Ogun Waterside sì gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn tí yóò jókòó síbẹ̀ títí òun náà yóò fi rí tìmùtìmù tirẹ̀. Ọmọ Òde-Omi ni ìyàwó mi, létí ọ̀sà. Ibẹ̀ ló ti forúkọ sílẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ, kò sì gbé orúkọ náà kúrò. Ìjẹ̀bú North ni tèmi wà. N kò ní ìbò kankan láti dì. Mo kàn ń sìn ín lọ ni.

Ọkùnrin mẹ́ta ló ń du àga náà, mo sì mọ ọ̀kan. Ẹnjiníà Tòkunbọ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì péré ló lò nílé ìwé kí ilé ìwé àti òun tó sú ara wọn. Kí n tó dé, òun ló kọ́kọ́ kó ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Ọmọ́wùmí. Bàbá ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló dá wọn padà. Ohun tí n kò mọ̀ láti ọdún mọ́kànlá tí a ti fẹ́ra ni bóyá ọmọbìnrin náà fẹ́ kí wọ́n dá wọn padà. N kò béèrè rí. Ọkùnrin tó gboyè ọ̀mọ̀wé, tó ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní yunifásítì ní Àgó-Ìwòyè, kò yẹ kó máa béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó yẹ kó máa ṣọ́ ọ ni.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní gáréèjì dé Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí a dé Orù, níbi tí ọ̀nà ti yà sí ibi iṣẹ́ mi, a kó sínú kòtò kan tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. A jọ dàgbà ni. Awakọ̀ wa, ọmọ Mamu ní Ìjẹ̀bú North tiwa, béèrè ibi tí à ń lọ. Nígbà tó gbọ́, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jayé. Àga tiwọn ṣófo, wọ́n wá ń fi katapílà ha ọ̀nà fún wọn. Aṣòfin tiwa jókòó digbí síbẹ̀. Kò ṣàìsàn, kò rí ipò gíga. Ta ló fẹ́ wá ha tiwa?"

Ìyá kan tó gbé garawa sórí itan lẹ́yìn ọkọ̀ ní àfi kí gbogbo Ìjẹ̀bú North gbààwẹ̀, kí tiwa náà lè di mínísítà. Mo ní mínísítà sún mọ́ ilé jù, kí a kúkú bẹ Ọlọ́run kí wọ́n fi í ṣe aṣojú ìjọba ní orílẹ̀-èdè tó bá jìnnà jù lọ. Gbogbo ọkọ̀ ṣàmín. Ọmọ́wùmí nìkan ni kò ṣe é. Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

Ọkọ̀ mìíràn ló gbé wa láti Ìjẹ̀bú-Òde gba Ìbíadé lọ sí Ìwópin, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Òótọ́ ni awakọ̀ Mamu sọ. Ọ̀nà náà pupa rẹ́súrẹ́sú, yẹ̀pẹ̀ tuntun ni wọ́n dà sí i, katapílà náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ tó ń sinmi. Inú bí mi fún ìlú mi. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ṣe ju pé wọ́n pàdánù aṣòfin kan lọ, wọ́n sì ti ní ọ̀nà. Láti Ìbíadé lọ, igi kan kò sí tí wọn kò lẹ ojú ènìyàn mọ́. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun ju ti ẹnikẹ́ni tó jẹ gààrí Ìjẹ̀bú dàgbà lọ. Ìyàwó mi wo ọ̀kan nínú wọn, ó ní ó ti sanra. Mo ru ọ̀rọ̀ náà dé etí omi.

Kí ẹ̀yin tó wà nílé lè mọ̀, ọkọ̀ ojú omi wọn kò ní ìjókòó bíi bọ́ọ̀sì. Pákó gígùn ni, ẹ̀rọ kan wà nídìí rẹ̀, pátákó tí wọ́n fi dábùú inú rẹ̀ sì ni èrò ń jókòó lé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni ẹnì kan dé Òde-Omi. Koríko kan bo ojú omi bí ẹní; tó bá ti wé mọ́ ẹ̀rọ, atukọ̀ á pa ẹ̀rọ náà, á bẹ̀rẹ̀, á já a kúrò, gbogbo èrò á sì máa fi sùúrù wo ọ̀run.

Atukọ̀ na ẹ̀wù agbéniléfòó kan sí mi, tuntun, aláwọ̀ ọsàn. Ojú Tòkunbọ̀ ló wà láyà rẹ̀. Òun ló kó wọn wá fún gbogbo ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà. Mo ní èmi kò wọ ẹ̀wù olóṣèlú. Atukọ̀ ní kò burú, ṣé mo mọ̀ ọ́n wẹ̀? Mo wo omi náà, n kò rí òdì kejì rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́. Ọmọ́wùmí ló bá mi so okùn rẹ̀, ó fà á kí ó le, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹ́rẹ́sẹ́ láyà kó lè jókòó dáadáa. Àyà ta ló fọwọ́ tẹ́? Mo rò ó dé àárín ọ̀sà. Òun ní tirẹ̀ kò wọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó sì ń fi èdè wọn bá atukọ̀ sọ̀rọ̀ kíákíá, tí èmi ọkọ rẹ̀ ń mú ọ̀rọ̀ kan nínú márùn-ún.

Ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè wá. Aládùúrà ni, opó ni, ó sì fẹ́ràn mi; ọkọ mi ló ń pè mí. Ìkọ́kọrẹ́ ló sè. Nílé wa ní Atíkòrí, ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ a máa sápamọ́. Ní Òde-Omi, ìkọ́kọrẹ́ ló ń sápamọ́ sábẹ́ ẹja. Orí ọ̀bọ̀kún ló bù fún mi. Ó sọ fún mi pé wòlíì ìjọ wọn ti ríran sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń du àga. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé àbẹ́là wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ni Ẹ̀mí sọ fún pé yóò wọlé. Mo béèrè bóyá àga mẹ́ta ló ṣófo lójú Ẹ̀mí. Ó ní kí n máa jẹ ẹja mi.

Kí oòrùn tó wọ̀, Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó mi nínú aṣọ funfun, ó sì dìde láìní ìdọ̀tí kan lára. N kò mọ bó ṣe ṣe é.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ẹ wọ ẹ̀wù mi kọjá omi."

Mo ní ó fún mi lọ́rùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí ìyá. "Màmá, mi ò wá tọrọ nǹkan kan o. Mo ti tọrọ nínú ilé yìí rí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ọmọ́wùmí náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ kàn ní ó ṣeun, ọmọ òun, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tòkunbọ̀ béèrè bí iṣẹ́ àti ọmọ ṣe wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, "Wùmí-Wùmí" ló ń pè é, ó sì lọ. Mo sọ pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyàwó mi ní àbí. Àbí kí ni?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ rìn, ti ilẹ̀ tàbí ti omi. Iwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ibùdó ìdìbò wọn wà, ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ kan ló sì ń bójú tó o. Wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà kọ́kọ́ dì, nítorí náà ìyá ìyàwó mi ti lọ, ó ti bọ̀. Èmi ni mo bá a gbé àga. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, mo dojú kọ aṣọ tí wọ́n ta yí ibi ìtẹ̀ka ká. Nígbà tí Ọmọ́wùmí wọ ibẹ̀, mo wo aago. Ó lo ìṣẹ́jú méjì. Kí ni obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ń fi ìṣẹ́jú méjì tẹ̀ka?

Tòkunbọ̀ dé pẹ̀lú ẹni mẹ́ta tó ń yà á ní fọ́tò. Ó juwọ́ sí wa, ó dúró lórí ìlà, ó tún kúrò lórí ìlà. Èkó ni orúkọ rẹ̀ ṣì wà. Kò lè dìbò fún ara rẹ̀. Ó wá wòran ni, bíi tèmi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń dì tiwọn ní ìhà etí òkun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn ní ibùdó wa.

Lọ́sàn-án, àgùnbánirọ̀ da àpótí sórí tábìlì. Ó ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, a sì ń kà á tẹ̀lé e bí ọmọ ilé ìwé. Àwọn méjì tó kù pín in láàárín ara wọn. Ó wá gbé ti Tòkunbọ̀ sókè. A ní, "Oókan." A dúró de ejì. Ejì kò wá. Ọkùnrin kan ní kí ó gbọn àpótí náà wò, bóyá àwọn yòókù há síbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo wá wo ìyàwó mi kí a lè jọ rín in. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú tábìlì ló ń wò, ojú rẹ̀ le. Tòkunbọ̀ ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹríba sí ìhà ibi tí a wà.

Ó ní, "Ẹni yòówù kó jẹ́, mo dúpẹ́ o."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ẹlòmíràn ló wọlé nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò bá ìyẹn lọ. Ìbò kan yẹn ni mo gbé sùn.

Nígbà tí à ń padà ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀wù agbéniléfòó kò sí nínú ọkọ̀ mọ́. Atukọ̀ ní àwọn ènìyàn Tòkunbọ̀ ti kó wọn ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo di pátákó mú lọ́tùn-ún lósì. Ní àárín omi, mo béèrè ohun tí n kò béèrè láti ọdún mọ́kànlá, lọ́nà ẹ̀bùrú.

"Ta lo dìbò fún?"

"Ìbò àṣírí ni, Bàbá Ìbùkún."

"Àṣírí fún èmi ọkọ rẹ?"

"Ẹ ò sí lára àwọn tó jáde."

Mo ní mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni ẹ̀rín níbẹ̀, ẹnì kan ṣàánú ọmọ ènìyàn, mo wá ń bínú. Mo gbà pé ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. N kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ní Ìwópin, n kò bá a sọ̀rọ̀ ní Ìbíadé. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ó ra mọ́ínmọ́ín, ó na ọ̀kan sí mi, mo jẹ ẹ́ láìdúpẹ́. Ọ̀nà pupa náà tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ohun tó lè gbọn èrò náà dànù lórí mi.

A wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. N kò tíì bọ́ bàtà tí ìyá rẹ̀ pè, Ọmọ́wùmí sì gbé fóònù náà sórí tábìlì kí a lè jọ gbọ́. Ó béèrè bóyá ẹja tó dì fún wa kò bàjẹ́. Ó ní Tòkunbọ̀ ti padà sí Èkó láàárọ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe òun, pé ìbò kan yẹn ì bá má tilẹ̀ sí bí kì í bá ṣe òun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ki orí bọ inú fóònù. "Màmá, ẹ̀yin lẹ dì í?"

"Èmi ni. Ọmọ yẹn kó ẹbí rẹ̀ wá bá wa nígbà kan, omi la fún un mu, ó lọ lọ́wọ́ òfo. Mi ò lè jẹ́ kó tún ti ọ̀dọ̀ wa lọ lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀kejì."

Ọmọ́wùmí ń wò mí. Mo béèrè pé bó bá jẹ́ èmi ni mo jáde ńkọ́, ṣé Màmá yóò dìbò fún mi.

"Ìwọ kẹ̀?" Ó rò ó díẹ̀. "Ìwọ ti gba tìrẹ, ọkọ mi."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo bá a rín in, mo bẹ̀ ẹ́, mo dúpẹ́ mọ́ínmọ́ín tí mo jẹ, mo sì gbé omi kaná fún un. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ìlú tí àga rẹ̀ bá ṣófo ló ń rí ọ̀nà, àti pé ẹni tí mo bá gbé àga ni ó yẹ kí n wo aago fún. Gbogbo ìyẹn yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀ láti sinmi, mo rántí pé ìyàwó mi lo ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn aṣọ yẹn, kò sì tíì sọ ẹni tó tẹ̀ka fún. Tí kì í bá ṣe Tòkunbọ̀, ó ku ọkùnrin méjì. Mo ti ń béèrè bóyá ọ̀kan nínú wọn bá a lọ ilé ìwé.