Orúkọ Tí Màmá Ìsmáílà Kò Jẹ́ Pè

Malachi ọkọ mi kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìparí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́dẹgbẹ́ ní Èrúwà níbí ní kó kọ ìtàn ẹgbẹ́, ṣe ló kó ìwé kún orí tábìlì oúnjẹ mi. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó sú mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjìlá tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ń dà á láàmú. Àwọn bàbá yẹn kì í pe ara wọn lórúkọ àbísọ. Orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn, òun náà ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpàdé. Ọkọ mi ti mọ ẹni tó ni mẹ́wàá. Ìdílé mẹ́rin ló ń du méjì tó kù, ẹgbẹ́ sì ní ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí kò ní wọ ìwé.

Màmá Ìsmáílà ní Lánlátẹ̀ wà nínú wọn. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń fẹ́ kí wọ́n tó kú ni kí Àkànó, bàbá wọn, wà nínú ìwé yẹn. La bá gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn mọ orúkọ ẹgbẹ́ bàbá àwọn dáadáa, àmọ́ àwọn ò ní pè é. Orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ẹni ń pè é, ọmọ kì í pè é. Wọ́n dán an wò lọ́mọdé, ìyá wọn gbá wọn létí.

Inú bí mi. Ìgbà wo ni bàbá ọ̀hún ti kú! Mo ní kí wọ́n kàn sọ ọ́ wẹ́lẹ́ sí mi létí.

Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Kíkú tí bàbá mi kú kò sọ wọ́n di ẹgbẹ́ mi."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ lòun, òun lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ẹgbẹ́ inú ìwé ìpàdé, ó tiẹ̀ fi mẹ́ta tó hùmọ̀ fúnra rẹ̀ há a láàárín, kó fi dán Màmá wò. Màmá ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ, wọn ò gbórí sókè.

Ló bá ka "Fọkànbalẹ̀."

Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n rọra fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n sì tẹrí ba.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá."

Omi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi kọ Àkànó sí ẹ̀gbẹ́ Fọkànbalẹ̀, kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́.