Ọjọ́ Tí Wọ́n Lé Mi Kúrò Nídìí Àgbá Ọ̀dà

Ara mi kì í gba ìjókòó. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá gbé ẹyin kaná, ìgbà mẹ́wàá ni n ó ṣí ìkòkò wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́ẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀dà irin là ń pò lọ́nà Ìbẹ̀jú, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń jẹ irin bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Inú àgbá omi ló wà. A ó ri irin bọ inú rẹ̀, a ó so iná mànàmáná mọ́ irin náà, ọ̀dà á sì sáré lọ lẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀, títí dé kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Lẹ́yìn náà, ó di inú ààrò. Ẹpọ́sì, irú àtè kẹ́míkà kan, ni ìpìlẹ̀ ọ̀dà yìí. Ó ń di irin mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n ó ti le jù: òkúta kékeré bà á, ó sán. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń po yúrétéènì mọ́ ọn, ìdílé kan náà pẹ̀lú fóòmù tí ẹ ń sùn lé, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Ó sì rọ̀. A fi òòlù lù ú, irin tẹ̀ wọnú, ọ̀dà kò sán.

Ìgbà náà ni wàhálà dé. Kòtò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ọ̀dà, bí ìgbà tí òjò kán sórí iyanrìn. Àwọn tó ń to kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá àgbà ti là á mọ́lẹ̀: bí wọn kò bá gbà á, èyí tí wọ́n ń pò wá láti òkè òkun lòun á padà sí, yàrá àyẹ̀wò wa á sì di títì pa. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, èmi àti obìnrin kan tó fi ọdún méjì jù mí lọ. Àǹtí ni mò ń pè é. Àlàájì lòun ń pè mí, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà tí mo mọ̀ kò kọjá ti ara kàlẹ́ńdà.

Mo mọ ohun tó ń fa irú kòtò bẹ́ẹ̀: ọ̀rá. Kí ìpara bíńtín kán sínú àgbá, ọ̀dà á máa sá fún ojú ibẹ̀. Mo wo ọwọ́ Àǹtí tó ń dán, mo kọ òfin sára ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ para wọlé. Mo ní ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ nìkan tó din àkàrà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ó fi funfun bíi tọmọ tó ṣeré nínú eérú.

Kòtò kò lọ. Mo fọ àgbá, mo po omíràn. Ìṣẹ́jú méjì-méjì ni mò ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, tí mò ń yọjú wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe ń yọjú tó ni kòtò ń pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ kírun. Nígbà tí mo dé, irin mẹ́ta wà níwájú Àǹtí, kò sí kòtò kan lára wọn. Mo béèrè ohun tó fi sí i. Ó ní òun kò fi nǹkan kan sí i, òun kàn fọ àgbá, òun po omíràn, òun sì rì wọ́n bọmi ni. Ó wá tẹjú mọ́ mi lágbọ̀n.

“Àlàájì, kí lẹ ń fi pa irùngbọ̀n yẹn?”

Ewú ti ń yọ níbẹ̀, mo sì ra òróró kan ní Ajah tó ń mú un dán. Láàárọ̀ ni mò ń fi pa á, n ó sì tún fi kún un lọ́sàn-án. Orí àgbá gan-an ni irùngbọ̀n náà ń fì sí ní gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú.

“Èmi rò pé ọwọ́ mi ló ń din àkàrà,” ló wí jẹ́ẹ́.

Mo fá irùngbọ̀n náà ní Sátidé. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn àlejò wọlé lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí ti ilẹ̀kùn mọ́ mi níta. Ó ti kọ ọ́ sábẹ́ òfin mi pé: “Títí kan Àlàájì.” Mo rìn dé géètì, mo padà. Mo ka búlọ́ọ̀kù ara ògiri, mo gbàgbé iye rẹ̀, mo tún un kà. Mo gbọ́ òòlù, gbì. Mo tún gbọ́ ọ, gbì. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi lọ wá irùngbọ̀n tí yóò fà, kò bá nǹkan kan.

Nígbà tó yá, Àǹtí jáde, ó fi aṣọ di etí irin kan mú. Ojú irin náà tẹ́jú bí omi inú àwo. Ibi tí òòlù tẹ̀ kò sán.

“Wọ́n ní ká pò ó kún àgbá ńlá,” ló wí.

Mo nawọ́ láti gbà á. Ó gbé irin náà pa mọ́ ẹ̀yìn.

“Ẹ ti fọwọ́?”